Òdòdó Kan Tó Ń Jẹ́ Pẹ́láyé

Bí òórùn kànáfùrù bá kàn mí nímú, ibi yòówù kí n wà, ọkàn mi á kúrò ní Súrùlérè tí mò ń gbé, á gba ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Múṣín lọ, sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ṣì tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Kànáfùrù tí mò ń wí yìí kò sí nínú ọbẹ̀, kò sì sí nínú àpótí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ara òdòdó ló ti ń jáde. Òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni, tí kò fẹ̀ ju bọ́tìnì kóòtù lọ, etí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ bí aṣọ tí télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì eléyín gé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi imú kan òdòdó náà, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, mo wá da oògùn ṣíbí kan sí i nídìí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ oògùn yẹn síbẹ̀ ná. A ó débẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ mọ irú ilé tí mò ń sọ. Yàrá ń wo yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín, kànga wà lẹ́yìn, ṣálángá wà ní kọ̀rọ̀, ọmọ ẹnì kan sì jẹ́ ti gbogbo ilé pàápàá tó bá di ká nà án. Bàbá mi, Ràsákì, káfíńtà ni. Iwájú ilé ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ìró ayùn rẹ̀ ló sì máa ń lé oorun kúrò lójú wa lẹ́yìn ìrun àsùbá. Màámi ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí ní Tejúòṣó. Ayálégbé kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Àǹtí Fúnkẹ́, télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti adìẹ méjì, tí mi ò lè sọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, kò bá wa gbé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, lóko, tó ń gbin ata àti ilá. Lọ́dún yẹn ni àìsàn dá a wólẹ̀, bàbá mi lọ gbé e, wọ́n sì wọ rélùwéè wá. Mo rántí pé ẹ̀yìn ni bàbá mi fi pọ̀n ọ́n jáde ní Ìdó, bí ìgbà tí abiyamọ pọn ọmọ, tí Ìyá Àgbà sì ń bú u ní gbogbo ọ̀nà: "Ràsákì, sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò kú. Ẹ̀jẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó." Dọ́kítà tí a gbé e lọ bá sọ ohun kan náà. Ó fún un ní tọ́níìkì ẹ̀jẹ̀, igò ńlá dúdú kan, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Kò pé oṣù méjì tí Ìyá Àgbà fi ń dá rìn lọ sí ìdí kànga.

Ara ìyá yá, ẹ̀rù ọmọ kò lọ. Bàbá tó bí bàbá mi kú nígbà tí bàbá mi wà l'Ékòó tó ń la pákó, kó tó délé wọ́n ti sin ín. Láti ìgbà náà ló ti ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, tí yóò sì fi òòlù gbá pákó bó bá sọ ọ́ tán: "Ọwọ́ kì í pọ̀ jù nídìí ẹni tí a bá fẹ́ràn." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.

Báyìí ni òdòdó náà ṣe dé. Ọ̀gá òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú fẹ́ padà sílé wọn, ó ní kí bàbá mi wá bá òun kan àpótí ẹrù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ìyàwó ọ̀gá kó ike mẹ́ta lé e lọ́wọ́, ewéko kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko, àwọ̀ wọn dà bí eérú tí aró díẹ̀ ta sí. Bàbá mi rìn wọlé bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì lọ gúnlẹ̀ síwájú àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Orúkọ rẹ̀ gan-an gùn, Ìyá, ó ti fò lórí mi kí n tó kúrò lọ́gbà wọn. Àmọ́ ó ní pẹ́rẹ́níà ni. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í kú. Bí ọdún bá yípo, á tún rúwé."

"Pẹ́ ní kí ni?"

"Pẹ́-rẹ́-ní-à."

"Pẹ́níyà?" Ìyá Àgbà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé ike náà lè ta á. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló fẹ́ pẹ́ nínú ìyà? Ẹni tó bá pẹ́ láyé là ń bá yọ̀, Ràsákì. Ẹni tó pẹ́ níyà, ńṣe là ń bá a kẹ́dùn. Bó o bá máa gbin nǹkan yìí síbí, Pẹ́láyé ni kó o máa pè é."

Ó di Pẹ́láyé. Ká ní bàbá mi fi mọ síbẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá má ní orí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn jù. Nígbà tó gbin ẹ̀kẹta tán, tí gbogbo wa dúró yí i ká, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún erùpẹ̀ sókè, ó ní, "Bí òdòdó yìí ṣe máa pẹ́ nínú ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi á pẹ́ nínú ilé yìí." Gbogbo wa ṣe àmín. Àǹtí Fúnkẹ́, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló ṣe tirẹ̀ kíkankíkan jù.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "bí" àti "bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn àgbà a máa so ẹ̀mí ẹni mọ́ òkè, nítorí òkè kì í ṣí nídìí. Wọ́n a máa so ó mọ́ òkun, nítorí òkun kì í gbẹ. Bàbá mi tó mọ igi tó le àti igi tí kòkòrò ń jẹ ju ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò, ewéko tí òyìnbó kó fún un nínú ike ló so ìyá rẹ̀ mọ́. Kò sì wá ibi mìíràn gbìn ín ju ìdí ògiri kànga, níbi tí gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá. Ó ní kò sí omi tó ní ìbùkún tó omi tí èèyàn fi múra ìrun.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Òdòdó tanná, òórùn kànáfùrù gba ẹ̀yìnkùlé, àwọn ará ilé kejì ń yọjú láti orí ògiri wá gbóòórùn. Ìyá Àgbà á jókòó síbi tó ti lè rí i, á ní, "Pẹ́láyé, o kú oríire." Nígbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n láti ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ rọ̀, àárín rẹ̀ dúdú, nígbà tó sì di Jímọ̀ ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Ìyá Àgbà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí oúnjẹ.

Bàbá mi gbé òkú òdòdó náà jù sẹ́yìn ògiri kí ìyá rẹ̀ tó jí, ó kó erùpẹ̀ bo ojú ihò. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo sì lè ka ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́ta. Lójú tèmi, Ìyá Àgbà ti lo ìdá kan nínú ẹ̀mí rẹ̀, ó ku méjì.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Adìẹ Àǹtí Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ mú.

"Fúnkẹ́, adìẹ rẹ ń walẹ̀ nídìí òdòdó ìyá mi."

"Ẹ̀gbọ́n, adìẹ mi kì í jẹ òdòdó."

"Mi ò ní ó jẹ ẹ́. Mo ní ó walẹ̀."

"Kí ló fẹ́ wá nílẹ̀ níbẹ̀? Àgbàdo ló ń jẹ, orí síńkì sì ni mò ń da á sí. Adìẹ tó ń fi síńkì jẹun láàárọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe?"

"Ṣé èmi ló wá walẹ̀ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹsẹ̀ tí mo rí níbẹ̀ láàárọ̀, bàtà káfíńtà ni."

Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi di adìẹ lọ́nà pẹ̀lú ọgbà pákó kékeré. Nígbà tó kan ọgbà tán, ó rò ó pé oòrùn lè máa jó o, ó bá kan òrùlé lé e. Òrùlé gidi, olórí méjì, tó fi síńkì àlòkù bò. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbá ìyẹ̀fun pákó jọ lábẹ́ ayùn rẹ̀, ó wọ́ ọ yí ọrùn òdòdó náà ká bí ẹni fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ, kí òtútù ilẹ̀ má baà mú un. Àwọn aládùúgbò ní ilé òdòdó náà dára ju ilé àwọn mìíràn lọ. Òótọ́ ni, àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kò gbádùn ún.

Ìgbà yẹn ni mo ronú tèmi. Mo rò ó báyìí: ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára Ìyá Àgbà, tọ́níìkì ló sì gbé e dìde. Òdòdó tó kú ti ṣì láwọ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Òdòdó náà sì ni Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ni òdòdó náà, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa. Kí ni ó tún kù? Láràárọ̀ tí Ìyá Àgbà bá ń kírun, mo ń yọ́ bu tọ́níìkì ṣíbí kan, mo ń gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni gbé iná, mo ń dà á sí ọ̀kan lónìí, mo ń dà á sí èkejì lọ́la. Mò ń jí oògùn ẹni tí mo fẹ́ gbà là kí n lè fi gbà á là. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àgbàlagbà tí ọgbọ́n tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé oògùn náà ń tètè tán, inú bàbá mi sì ń dùn sí i. "Ìyá mi ti ń lo oògùn dáadáa," ló ń sọ fún àwọn oníbàárà. Ìyá Àgbà nìkan ló ń gbé igò náà wò lójú oòrùn, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì. "Ràsákì, igò yìí ń jo ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń mu ún, Ìyá. Ẹ máa mu ún. Mo ti ra òmíràn."

Òdòdó kejì kú nígbà tí òjò gbá mọ́lẹ̀ dáadáa. Òun náà pọ́n, ó rọ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú ilé síńkì rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn n kò lè jẹ ẹ̀bà. Mo lọ jókòó ti Ìyá Àgbà lórí ẹní, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Ó wò mí títí. Ó wá ní, "Ẹni tó bá di aṣọ àgbà mú báyìí, ó ní ibi tí kò fẹ́ kí àgbà lọ."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó ní kí n gbé àpótí ìjókòó òun sábẹ́ etí òrùlé tó kọjú sí kànga. Ó jókòó. Kò kúrò níbẹ̀ títí àlàásárì, àfi ìgbà tó dìde kírun. Wọ́n gbé oúnjẹ bá a níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. A rò pé oòrùn ló ń yá, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oko ló ń ṣọ́. Nígbà tí Màámi ti Tejúòṣó dé, Ìyá Àgbà ní kí gbogbo wa wá, Àǹtí Fúnkẹ́ náà.

"Ta ló ń bu omi sí Pẹ́láyé nínú yín?"

Ojú rẹ̀ lọ sórí bàbá mi.

"Ràsákì."

"Èmi kọ́, Ìyá. Èmi ò bomi sí i o. Àlùwàlá ni mo ṣe."

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ìwọ àti ìyàwó ẹ, pẹ̀lú àlejò tó bá yà kírun. Mo ti kà á. Ìyá Kúdí?"

Màámi fi gèlè nu ojú. "Ìyá, kì í ṣe omi. Omidùn ni. Ògì tí mo bá ti sẹ́ láàárọ̀ ni mò ń da omi orí rẹ̀ sí i. Ṣebí omidùn la fi ń rẹ egbòogi, mo ní á fún un lókun."

"Fúnkẹ́?"

"Ìyá, lẹ́yìn tí Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀sùn kan adìẹ mi, mo ní kí adìẹ náà fi iṣẹ́ rere dáhùn. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń kó sí i nídìí. Kò sí omi níbẹ̀ rárá."

"Gbígbẹ lo kó o sí i?"

"Mo... mo fi omi pò ó díẹ̀."

Ó ku èmi. Ojú Ìyá Àgbà dé orí mi, n kò jẹ́ kó bi mí. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. "Tọ́níìkì ni," mo ní. "Tọ́níìkì yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú. Ó ku ẹyọ kan."

Bàbá mi tẹ orí ba, ó ń fi èékánná họ erùpẹ̀ kúrò lára àtàǹpàkò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń ka ẹyọ kan, ẹyọ méjì.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti inú wá, ó sì gbọ̀n ọ́n títí tí ó fi wúkọ́, tí ikọ́ náà sì tún já gbogbo wa láyà. "Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin aráyé. Kò sẹ́ni tó bomi sí i, òun náà sì mumi kú."

Ó ní kí bàbá mi hú òkú òdòdó kejì wá. Ó na gbòǹgbò rẹ̀ sí wa nímú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. "Ẹ rí i? Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Kì í ṣe adìẹ. Ọrùn rẹ̀ rà, nítorí ẹ fi ìyẹ̀fun pákó dì í lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ rà, nítorí ilẹ̀ yín kò ráyè gbẹ. Oòrùn tí ì bá gbẹ ẹ́, Ràsákì kan ilé dí i. Ewé tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tó ní àwọ̀ eérú, ṣé ewé ẹni tó fẹ́ràn omi nìyẹn? Orí àpáta ni irú rẹ̀ ti wá. Ẹ wo ewé kókò létí odò bó ṣe fẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ ò wojú èèyàn kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ fún un."

"Ìyá, ọwọ́ kì í pọ̀ jù nídìí ẹni tí a bá—" ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

"Ó máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ràn iṣu kì í wú u wò lójoojúmọ́." Ó wá fà mí mọ́ra, ó fi aṣọ rẹ̀ nù mí lójú. "Ìwọ, olè inú ilé. Bàbá rẹ ló fi ẹnu so mí mọ́ koríko òyìnbó, kò bi mí kó tó so mí. Èmi fi ẹnu ara mi tú ara mi lónìí. Bó bá wù ú kó kú, bó bá wù ú kó yè. Èmi ní ilá tí mo fẹ́ lọ gbìn."

Lọ́jọ́ kejì ó wá abọ́ tánganran kan tó ti lu nídìí. Ó tú yanrìn tó kù nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ilé sínú rẹ̀, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó fọ́ èèpo ẹyin adìẹ Àǹtí Fúnkẹ́ sí i, kí adìẹ náà lè ní ìpín tòótọ́. Ó gé orí ọ̀mùnú mẹ́rin lára òdòdó tó kù, ó rì wọ́n sínú yanrìn náà, ó gbé abọ́ náà sórí ògiri níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní omi ife kan lọ́sẹ̀, ọwọ́ òun nìkan ni yóò sì ti wá. Ó nira fún wa. Mo rí bàbá mi lọ́jọ́ kan tó gbé búútà àlùwàlá dání lábẹ́ ògiri yẹn, tó ń wòkè bí ẹni tó ń gbìyànjú láti fi sìgá sílẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, òdòdó inú abọ́ náà tanná. Ó tanná bí ẹni tó ń fi wá ṣẹ̀sín, òórùn rẹ̀ dé ojú títì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún tanná díẹ̀. Lọ́dún kẹta, àárín rẹ̀ pá, òjò ńlá kan sì mú èyí tó kù lọ. Ìyá Àgbà gbé abọ́ náà sọ̀, ó gbọn yanrìn rẹ̀ dànù, ó ní, "Àìkú òyìnbó kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹ bá mi wá ata gbìn sínú abọ́ yìí." Bàbá mi lọ dúró sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ ata náà, ó jẹ ọ̀pọ̀ ata lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbin ilá rẹ̀, ó jó níbi ìgbéyàwó mi, ó sì sọ àkọ́bí mi lórúkọ kó tó lọ sinmi nínú oorun ọ̀sán kan. Kò sí òdòdó kankan nílé lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi náà ti lọ. Màámi ló kù, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà ní Súrùlérè. Àwa ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ purọ́. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ra kámẹ́rà sí pálọ̀, tí ó fi ń wò ó láti ọ̀hún, bí Màámi bá sín ní Súrùlérè, fóònù mi á dún. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ń fi oríṣiríṣi oògùn afúnnilókun ránṣẹ́. Èmi ni mo gba nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ní kó má dáná mọ́, kó má gun àtẹ̀gùn mọ́, kó má jókòó sí bàkónì nítorí oòrùn. Mo ra àga tìmùtìmù kan tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò lè dá dìde nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dọ́kítà yẹ̀ ẹ́ wò yíká, kò rí àrùn. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa ń jáde?" Ó bí mi nínú. Mo ní dọ́kítà yẹn kò mọṣẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo jí láàárọ̀, mo bá Màámi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ bàtà. Ó ti so gèlè. Ó gbé báàgì ọjà rẹ̀ àtijọ́ kọ́ apá.

"Màámi, níbo?"

"Tejúòṣó."

"Kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì lọ bá yín rà á."

"Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo fẹ́ ná ọjà ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pe iye kan fún mi, kí n pòṣé, kí n ṣe bí ẹni tó ń lọ, kó pè mí padà. Ṣé nọ́ọ̀sì lè bá mi ṣe ìyẹn?"

"Màámi, ẹsẹ̀ yín ń wú. Oòrùn wà níta. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè wò mí, ìwò tí Ìyá Àgbà wò mí lórí ẹní ní Múṣín ni. "Kúdírátù, ó tó gẹ́ẹ́. Pẹ́láyé lẹ ní ẹ fẹ́ kí n jẹ́. Ẹ ti sọ mí di Pẹ́níyà. Ẹ jẹ́ kí ìdí mi gbẹ."

Mo ya ẹ̀gbẹ́ kan fún un. Ó kọjá.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé ibẹ̀ ni mo fi mọ, pé ọmọ Ìyá Àgbà ti gbọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ní Tejúòṣó, mo dúró sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ní ìsọ̀ kẹta sí ibi tó wà, mò ń wò ó. Ó di àpò ìrọ̀rí kan mú, ó ń fà á wò lójú rírán, ó ń sọ fún ọ̀dọ́bìnrin tó ń tà á pé bí wọ́n ṣe ń rán an nígbà tòun kọ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà ń bá a fa á. Ó pòṣé. Ó yí padà bí ẹni tó ń lọ. Wọ́n pè é padà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ láti ọdún méjì. Ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo ní kò lè gbé e.

Ṣíbí kan ni ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ń gbé gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo ọwọ́ tèmi, igò omi ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó tutù, ó ń làágùn. Mi ò rántí ìgbà tí mo rà á. Èmi náà ti dàgbà, ìwọ̀n omi náà sì ti dàgbà pẹ̀lú mi.

"Kúdí," ni Màámi wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí ìrọ̀rí tó ń ná. "Gbé omi yẹn padà sílé."

Mo ṣí i, mo sì mu ún fúnra mi.